Wọ́n fún mi ní mọ́tò níbi iṣẹ́, owó orí mi bá fò sókè: báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ gan-an?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá | Sátidé, 28 oṣù kẹta 2026, 7:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Ilé-iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹfà mi rèé níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, wọ́n gbé mi ga, wọ́n sì fa kọ́kọ́rọ́ Corolla lé mi lọ́wọ́. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ló wà nínú ìwé mọ́tò, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń gbé e lọ sílé, òun ni mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà la gbé lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó mi ní Ìṣẹ́yìn. Inú wa dùn, a dúpẹ́.

Ìgbà tí owó oṣù kejì wọlé ni ojú mi là. Oṣù kìíní, owó orí tí wọ́n yọ jẹ́ ₦63,500. Oṣù kejì, ₦138,500. Mo ní bóyá ọwọ́ wọn ló ṣì. Oṣù kẹta wọlé lánàá, ₦138,500 náà ni. Mo bi ọmọbìnrin tó wà ní HR, ó ní, "BIK ni sà, nítorí mọ́tò yín." Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní kí n lọ wò ó lórí Google.

₦500,000 ni owó oṣù mi. Ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rin lóṣooṣù lórí mọ́tò tí kì í ṣe tèmi! Ṣé kí n kúkú dá a padà fún wọn ni?

Ìyá_Ìbejì_Apáta | 7:30 àárọ̀

Ẹ kú oríire mọ́tò o. Ẹ má dá nǹkan kan padà. Ṣé ẹ ti wọ mícrà láti Apáta dé Ìwó Road láìpẹ́ yìí? Ẹ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó gbàgbé owó orí.

Ogbójú_Bẹẹrẹ | 7:41 àárọ̀

Wọ́n ní Ìbàdàn nìkan ni olè ti ń jàre olóhun. Irọ́ ni, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn olówó orí náà. Mọ́tò tí orúkọ rẹ ò sí lára ẹ̀, tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ lọ́la bí ọ̀gá bá jí tí inú ẹ̀ ò dùn, òun ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ rẹ. Èmi ò ní gbà láéláé.

Ọ̀dọ́_Bódìjà | 8:05 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá, kò le rárá. 5% iye owó mọ́tò ni owó orí ẹ̀. Ó wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa, ẹnì kan fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Eélòó ni wọ́n ra mọ́tò náà?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá | 8:09 àárọ̀

Mílíọ̀nù 18. Tòkunbọ̀ ni. Mo rí rìsíìtì ẹ̀ nígbà tí mo lọ fọwọ́ sí ìwé.

Ọ̀dọ́_Bódìjà | 8:11 àárọ̀

Ó ti parí. 5% nínú 18,000,000 jẹ́ 900,000. Ẹ pín in sí oṣù 12, ó di 75,000. Ó bá ti yín mu géérégé. Ẹ fọwọ́ wọ́nú.

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀ | 9:20 àárọ̀

Ọ̀dọ́, má tíì ti ilẹ̀kùn. Bó ṣe bá a mu géérégé yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Àbúrò mi Mọ́kọ́lá, má dá kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni padà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe ìwé owó oṣù fún oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ nílùú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí irú àṣìṣe yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó ń ṣe payroll yín ti ka kọ́ńgò sí owó ẹ̀wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà ní Bódìjà, kọ́ńgò ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà. Ẹ ó mọ iye kọ́ńgò tí ẹ rà kí ẹ tó wá bi í pé eélòó ni kọ́ńgò kan. 5% yẹn, kọ́ńgò ni. Òfin fi ń wọn àǹfààní tí mọ́tò náà ṣe fún ọ láàárín ọdún kan, òun ni BIK tí ọmọ HR yẹn wí (benefit in kind, àǹfààní iṣẹ́ tí kì í ṣe owó ọwọ́): ó ní kí wọ́n mú iye tí ilé-iṣẹ́ fi ra mọ́tò, kí wọ́n yọ 5% níbẹ̀, kí wọ́n sì kà á mọ́ owó tó wọlé fún ọ lọ́dún náà, àfi bí ẹni pé wọ́n san án sọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó wá fi ìwọ̀n owó orí lé e.

Nítorí náà, ₦900,000 yẹn kì í ṣe owó orí. Owó tí wọ́n kà sí ọ lọ́rùn ni. Owó orí tó wà lórí ẹ̀ kéré sí i dáadáa.

Sọ ohun méjì fún mi: eélòó ni wọ́n ń yọ fún pension, ṣé o sì ń san owó ilé?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá | 9:34 àárọ̀

Ẹ ṣeun sà. ₦40,000 ni wọ́n ń yọ fún pension lóṣù. Owó ilé mi ní Àkóbọ̀, ₦600,000 lọ́dún. Wọ́n gba rìsíìtì ẹ̀ lọ́wọ́ wa ní oṣù kìíní, wọ́n ní òfin tuntun ló ní kí àwọn gbà á.

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀ | 10:15 àárọ̀

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti mú bírò.

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 26 oṣù kẹfà 2025 ló ń ṣiṣẹ́ láti 1 oṣù kìíní ọdún yìí. Owó orí ń gun àtẹ̀gùn ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ohun tó yẹ kí wọ́n yọ, ₦800,000 àkọ́kọ́, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Mílíọ̀nù 2.2 tó tẹ̀ lé e, 15%. Mílíọ̀nù 9 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, 18%. Àwọn olówó ló kù: mílíọ̀nù 13 lẹ́yìn náà ní 21%, mílíọ̀nù 25 ní 23%, ohun tó bá ti ju mílíọ̀nù 50 lọ, 25%. Tèmi àti tìrẹ ò débẹ̀.

Ó yá, láìka mọ́tò. Owó rẹ lọ́dún: 6,000,000. Yọ pension 480,000, ó ku 5,520,000. Ti owó ilé, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí o san ni òfin fi dín in kù fún ọ, kò sì gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. 20% nínú 600,000 jẹ́ 120,000. Ó ku 5,400,000 tí wọ́n máa gba owó orí lórí ẹ̀.

800,000: òdo.
2,200,000 ní 15%: 330,000.
2,400,000 tó kù, ní 18%: 432,000.

Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 762,000. Pín in sí 12, ₦63,500. Ohun tí wọ́n yọ lóṣù kìíní nìyẹn kọ́bọ̀ dé kọ́bọ̀. Ẹni tó ṣe ìyẹn mọṣẹ́.

Wàyí o, mọ́tò dé. Oṣù kejì ló dé, nítorí náà oṣù mọ́kànlá péré ló máa kà lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi oṣù kan ṣe é. 900,000 lọ́dún jẹ́ 75,000 lóṣù. 75,000 yẹn ni wọ́n máa fi kún owó rẹ nínú ìwé. Orí àtẹ̀gùn 18% lo ti wà tẹ́lẹ̀, mọ́tò yìí ò sì gbé ọ kúrò lórí ẹ̀. 18% nínú 75,000 jẹ́ ₦13,500.

₦63,500 àti ₦13,500 jẹ́ ₦77,000. Òun ló yẹ kí wọ́n yọ. Wọ́n yọ ₦138,500. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ jẹ́ ₦61,500, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ti yọ ọ́: ₦123,000 rẹ wà níta.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá | 10:22 àárọ̀

Yéè! Ẹ̀gbọ́n, ara mi ń gbọ̀n. Ṣé ó dá yín lójú?

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀ | 10:26 àárọ̀

Ó dá mi lójú ju àmàlà tí wọ́n ń rò lọ́wọ́ níwájú mi yìí lọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mú payslip mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá wọn. Má bá ọmọ yẹn jà o. Sọ pé kí wọ́n fi ìlà tí wọ́n kọ 75,000 sí hàn ọ́. Abẹ́ owó tó wọlé ló yẹ kó wà. Mo fẹ́ fi nǹkan ta pé abẹ́ owó orí ni ẹ máa bá a.

Ọ̀dọ́_Bódìjà | 10:40 àárọ̀

Háà. Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá. Mo fẹ́ fi WhatsApp jẹ yín ní 61,500.

Ogbójú_Bẹẹrẹ | 11:02 àárọ̀

Èmi ò tíì gbà. Ẹ̀yin Akọ̀wé, 13,500 tàbí 138,500, kí ló dé tó fi yẹ kó san kọ́bọ̀? Mọ́tò ilé-iṣẹ́ ni. Ilé-iṣẹ́ ni kó san owó ẹ̀.

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀ | 11:30 àárọ̀

Ogbójú, ìbéèrè rẹ dáa, ariwo ẹ̀ ló pọ̀. Fojú inú wò ó pé òfin yìí ò sí. Ọ̀gá ńlá kan yóò sọ fún ilé-iṣẹ́ pé, "₦70,000 ni kí ẹ máa san fún mi lóṣù. Ẹ wá ra jíìpù fún mi, ẹ gba ilé fún mi ní Jẹ́ríkò, ẹ máa san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi." Lórí ìwé, tálákà ni. Nílé, ọba ni. Ìwọ tó ń gba ₦200,000 lọ́wọ́, tí o ń wọ mícrà, ìwọ ni wàá wá máa san owó orí jù ú lọ. Ṣé ìyẹn dùn mọ́ ọ nínú?

Pé orúkọ ilé-iṣẹ́ wà nínú ìwé mọ́tò ló jẹ́ kí wọ́n lo 5% gan-an. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fún un pátápátá ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

AjéWọlé_Ológunẹ́rù | 12:10 ọ̀sán

Ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni iṣẹ́. Mo ní ilé búrẹ́dì. Mo ní bọ́ọ̀sì méjì tó ń pín búrẹ́dì àti Sienna kan tí mánéjà mi ń gbé lọ sílé. 2019 ni mo ra Sienna yẹn, ₦3,500,000. Lónìí bí mo bá gbé e lọ sọ́jà, màá rí ìlọ́po méjì ẹ̀ láìtíì dúnàá-dúrà. Èwo ni kí n lò?

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀ | 12:38 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá oníbúrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ yín yìí dùn púpọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀ ọ́n.

Iye tí ẹ rà á ni òfin wí. Ó kan iye tó tó lọ́jà nígbà tí ó tẹ̀ yín lọ́wọ́ nìkan bí kò bá sí bí a ṣe lè mọ iye tí ẹ rà á. Iye tó ń lọ lọ́jà lónìí ò kàn wọ́n. Náírà ì báà ṣubú kó fọ́ orí, 5% nínú 3,500,000 náà ni: ₦175,000 lọ́dún. Kì í wálẹ̀ bí mọ́tò ṣe ń gbó, kì í sì í gòkè bí ọjà ṣe ń gbówó lórí. Ẹni tó ń gun Sienna yín, ìdùnnú ńlá ni fún un. Mọ́kọ́lá tó gba mọ́tò lọ́dún tí gbogbo nǹkan wọ́n yìí ni ọwọ́ ìyà bà.

Eélòó ni mánéjà yín ń gbà?

Ti bọ́ọ̀sì búrẹ́dì, bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló ń sùn sí lálẹ́, tí dírẹ́bà ò fi ṣe nǹkan ara ẹ̀, irinṣẹ́ ni, bíi páànù ìyan-búrẹ́dì. Kò jẹ́ àǹfààní ẹnikẹ́ni.

AjéWọlé_Ológunẹ́rù | 12:45 ọ̀sán

₦180,000 lóṣù. Mo ń yọ pension 8% fún un.

Ọ̀dọ́_Bódìjà | 1:03 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n ṣe é kí n fi tún orúkọ mi ṣe. 180,000 lóṣù jẹ́ 2,160,000 lọ́dún. Pension 172,800. Ó ku 1,987,200. Àtẹ̀gùn 15% ló wà. 15% nínú 175,000 jẹ́ 26,250 lọ́dún, 2,187 náírà àti àádọ́ta kọ́bọ̀ lóṣù.

Akọ̀wé, ṣé mo gbà á?

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀ | 1:06 ọ̀sán

O gbà á. Máa bọ̀ wá jókòó lórí àga mi.

Ìyá_Ìbejì_Apáta | 1:15 ọ̀sán

Ẹgbẹ̀rún méjì àti díẹ̀ lóṣù láti máa gun Sienna? Ìyá oníbúrẹ́dì, ṣé ẹ ń wá mánéjà kejì?

Ìsàlẹ̀Ọ̀sun_Leeds | 2:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wá wo ohun tí ojú wa ń rí níbí.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í lo iye tí ilé-iṣẹ́ fi ra mọ́tò. Iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò kọ sí i ní tuntun ni wọ́n ń lò, ìyẹn iye tí wọ́n ń tà á nígbà tí kò tíì jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n so mọ́ ọn. Ì báà jẹ́ pé ọ̀gá rẹ dúnàá-dúrà títí wọ́n fi dín in kù, kò kàn wọ́n.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n máa wo èéfín. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń tú èéfín CO2 tó ni ìdá tí wọ́n máa kà sí ọ lọ́rùn ṣe máa pọ̀ tó, kò kàn ju 37% lọ. Ká ní mọ́tò epo tó jẹ́ £30,000 bọ́ sí 30%: £9,000 ni wọ́n máa fi kún owó rẹ. Bí o bá wà lórí 20%, £1,800 lọ́dún. Bí o bá wà lórí 40%, ó di £3,600.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ mọ́tò iná, 3% péré ni lọ́dún owó orí 2025/26. £900, 20% nínú ẹ̀ jẹ́ £180. Bó bá di 6 oṣù kẹrin 2026, tí ọdún owó orí tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ó di 4%. Ohun tó jẹ́ kí gbogbo àwọn ọ̀gá níbí máa gun mọ́tò iná nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìfẹ́ afẹ́fẹ́ mímọ́ tàn yín.

Èyí tó dùn mí jù ni epo. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń ra epo tí o fi ń ṣe tara rẹ, wọ́n ní iye kan tí wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, £28,200 lọ́dún owó orí 2025/26. 30% nínú ẹ̀ ni wọ́n máa tún kà sí ọ lọ́rùn, ì báà jẹ́ epo jálá kan lo jó. Wọ́n sì gbà pé láti ilé rẹ dé ibi iṣẹ́ rẹ, tara rẹ nìyẹn, kì í ṣe tiṣẹ́.

Ogbójú_Bẹẹrẹ | 2:31 ọ̀sán

Láti ilé dé ibi iṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́? Ṣé fàájì ló ń bá lọ síbẹ̀ ni?

Ìsàlẹ̀Ọ̀sun_Leeds | 2:33 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá mi bi wọ́n.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá | 3:10 ọ̀sán

Níbi tí a bá ọ̀rọ̀ epo dé yìí, wọ́n ń fún mi ní ₦100,000 fún epo lóṣù. Ṣé ìyẹn náà ń bọ̀ wá kàn mí?

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀ | 3:45 ọ̀sán

Tiwa ò le tó tòyìnbó. Èyí tí o bá fi ṣe iṣẹ́, tí o ná gan-an, tí èrè kankan ò sì sí níbẹ̀ fún ọ, òfin ò kà á sí owó tó wọlé. Epo tí o fi lọ wo iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ ni. Epo ìgbéyàwó Ìṣẹ́yìn, àǹfààní ni, owó orí wà lórí ẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ ni pé ₦100,000 gbọlọjọ ni wọ́n kàn ń kó fún èèyàn, kò sí rìsíìtì, kò sí ìwé. Irú ìyẹn, owó oṣù ni àwọn olówó orí máa pè é.

Ra ìwé kékeré kan, jù ú sínú mọ́tò. Kọ ọjọ́, ibi tí o lọ, iye tó wà lójú mítà. Ó máa ń sú èèyàn, mo mọ̀. Èmi náà ṣe é fún oṣù mẹ́ta, mo pa á tì, àwọn ayẹ̀wéwò wá dé lóṣù kẹrin.

Ará_Mọníyà | 4:30 ìrọ̀lẹ́

Èmi ń gbé ní Mọníyà, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojú irin ni mò ń bá lọ. Wọ́n fẹ́ fún mi ní mọ́tò. Èkó ni owó orí ẹ̀ máa lọ àbí Ọ̀yọ́?

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀ | 4:41 ìrọ̀lẹ́

Ibi tí o ń gbé. Ọ̀yọ́.

Ará_Mọníyà | 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé sà. Wọ́n tún ní kí n yàn: mọ́tò mílíọ̀nù 18 bíi ti Mọ́kọ́lá, àbí kí wọ́n máa fún mi ní ₦120,000 lóṣù kí n wá mọ́tò ara mi. Àtẹ̀gùn 18% lèmi náà wà.

Ọ̀dọ́_Bódìjà | 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Owó ọwọ́, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń gba owó orí lórí ẹ̀, kò sí 5% kankan níbẹ̀. 18% nínú 120,000 jẹ́ 21,600. Ó ku ₦98,400 fún yín. Láti inú ẹ̀ lẹ ó ti ra mọ́tò, táyà, ẹ ó san ìwé mọ́tò, ẹ ó gbọ́ bùkátà mẹkáníìkì. Bí ẹ bá gba mọ́tò, ₦13,500 ni wọ́n máa yọ, ẹrù mẹkáníìkì sì wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́.

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀ | 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ìṣírò ẹ̀ nìyẹn. Ó kan ku pé mọ́tò tirẹ jẹ́ tirẹ, ti ilé-iṣẹ́ á padà lọ́jọ́ tí ẹ bá pínyà. Ní 2003, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Ọbásanjọ́ sọ àwọn àǹfààní òṣìṣẹ́ di owó, mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń sunkún pé wọ́n gba mọ́tò òun. Mo ní ọ̀rẹ́ mìíràn tó fi owó tirẹ̀ kọ́lé. Ọwọ́ tí owó bá bọ́ sí ni.

Ará_Mọníyà, bi wọ́n ní ìbéèrè kan kí o tó fọwọ́ sí i: ṣé wọ́n máa ra mọ́tò náà ni, àbí wọ́n máa háyà ẹ̀?

Ará_Mọníyà | 5:26 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n dárúkọ ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń háyà. Ṣé ìyẹn ṣe nǹkan kan ni?

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀ | 5:58 ìrọ̀lẹ́

Ó ṣe nǹkan gidi. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí gbogbo yín fetí sílẹ̀, torí àwọn HR pàápàá kì í sọ ọ́.

5% wà fún mọ́tò tí ilé-iṣẹ́ rà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n háyà ẹ̀ ni, gbogbo owó háyà ọdún yẹn ni wọ́n máa kà sí ọ lọ́rùn. Ká ní ₦400,000 lóṣù ni wọ́n ń san fún oní-mọ́tò. Mílíọ̀nù 4.8 lọ́dún. Ẹ tún fi kún ti Mọ́kọ́lá: 5.4 àti 4.8 jẹ́ mílíọ̀nù 10.2, orí àtẹ̀gùn 18% náà ló ṣì wà. 18% nínú 400,000 jẹ́ ₦72,000 lóṣù.

Corolla kan náà. Títì Mọ́kọ́lá kan náà. Bí ilé-iṣẹ́ bá rà á, ₦13,500. Bí wọ́n bá háyà ẹ̀, ₦72,000. Ẹni tó jókòó sídìí ìtọ́kọ̀ ò mọ̀ ọ́n lára, àfi lójú payslip.

Ará_Mọníyà | 6:04 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí n tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Olúwa á san yín lẹ́san.

Ọmọ_Ìyágankú | 6:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin sà, ilé ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ ló gba ilé fún èmi. Ṣé 5% náà ni?

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀ | 6:52 ìrọ̀lẹ́

Ilé ò tẹ̀ lé 5%. Iye tí ilé náà ń mú wá bí wọ́n bá yá a ni, ṣùgbọ́n òfin tuntun ní kò gbọdọ̀ ju 20% owó tó wọlé fún ọ lọ́dún lọ, láìka ilé náà mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká padà sórí mọ́tò, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ogbójú_Bẹẹrẹ | 8:15 alẹ́

Ìbéèrè ìkẹyìn tèmi. Ṣé òfin tuntun yìí ló mú owó orí mọ́tò wá? Torí mi ò gbọ́ ọ rí.

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀ | 8:47 alẹ́

Rárá o, 5% ti wà nínú òfin àtijọ́. Ohun tó yí padà ni àtẹ̀gùn àti ohun tí wọ́n ń yọ. Láyé òfin àtijọ́, wọ́n máa ń dá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ sí, wọ́n tún fi ₦200,000 tàbí 1% lé e, èyí tó bá pọ̀ jù, kí wọ́n tó gba owó orí. Àtẹ̀gùn òkè pátápátá sì jẹ́ 24%. Ìyẹn ti lọ. Mo fi ti Mọ́kọ́lá wò ó lọ́nà méjèèjì: lábẹ́ òfin àtijọ́, mọ́tò yìí ì bá gba ₦14,400 lóṣù lọ́wọ́ ẹ̀. Lábẹ́ tuntun, ₦13,500. Ó fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún náírà jẹ èrè. Kó fi ra gúgúrú.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá | Ọjọ́rú, 1 oṣù kẹrin 2026, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé. Kì í ṣe eré 1 oṣù kẹrin o.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo mú payslip mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Mo ṣe bí Akọ̀wé ṣe wí, mi ò pariwo. Mo kàn ní kí wọ́n fi ìlà 75,000 hàn mí. Akántáńtì fúnra ẹ̀ ló ṣí kọ̀ǹpútà. Abẹ́ owó orí ló wà! Ẹni tó kọ ọ́ sínú Excel fi í sí òpó kejì. Ó dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, ó wá ní, "Ẹ̀yin nìkan kọ́." Ọ̀gá mẹ́rin mìíràn tó gba mọ́tò pẹ̀lú mi, bákan náà ni wọ́n ṣe yọ tiwọn.

Wọ́n ti san owó oṣù kejì fún ìjọba ìpínlẹ̀, torí wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà wọ́n ní àwọn ò ní kó owó lé mi lọ́wọ́, àwọn máa fi dí ti oṣù tó ń bọ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀ | 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ó dáa. Oṣù kẹrin, ₦77,000 rẹ di òdo. Ó ku ₦46,000 nínú ₦123,000. Oṣù karùn-ún, wọn á yọ ₦31,000 péré. Láti oṣù kẹfà, ₦77,000 padà. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wọ inú Excel.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá | 28 oṣù kẹrin 2026, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Payslip ti wọlé. Owó orí: 0.00. Mo ti ya fọ́tò ẹ̀, mo ń fi han gbogbo ará ilé.

Ìyá_Ìbejì_Apáta | 4:09 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú oríire. Lọ́jọ́ Sátidé, Apáta ni kí Corolla yẹn gbà kọjá. Àwọn ìbejì ti ń wọṣọ.

Ogbójú_Bẹẹrẹ | 9:33 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́... ọ̀rọ̀ yín yìí ló jẹ́ kí n lọ wo payslip tèmi. Láti 2021 ni mo ti ń gun Hilux ilé-iṣẹ́ wa. Kò sí mọ́tò kankan níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kà á rí. Ṣé kí n sọ fún wọn ni?

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀ | 9:50 alẹ́

Ogbójú! Ìwọ tí o ní o ò ní gbà láéláé! Ilé-iṣẹ́ ló yẹ kó kà á kó sì yọ ọ́. Lọ́jọ́ tí àwọn ayẹ̀wéwò ìpínlẹ̀ bá dé, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà sí, pẹ̀lú owó ìtanràn lórí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ á wá yíjú sí ìwọ. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, màá sọ ọ́ báyìí kó tó di gbèsè ọdún márùn-ún.

Ìyá_Ìbejì_Apáta | 9:52 alẹ́

Ogbójú, eélòó ni wọ́n ra Hilux náà?

Ogbójú_Bẹẹrẹ | 9:58 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná.